Ata Àwẹ̀ró Lórí Àpáta Ìyá Gbọọrọ

Òjòwú ò lẹ́ran láyà. Òwe tí gbogbo ẹnu ń pa nìyí, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń pa á léèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ ó rí i pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn. Òmíràn á ní òjòwú kì í jẹun kánú ni. Irọ́ gbuu! Òjòwú ń jẹun. Mo mọ èyí tó ń jẹ iyán láàárọ̀, tó tún ń wá àjẹkù kiri lọ́sàn-án, síbẹ̀ tí egungun ọrùn rẹ̀ ṣeé gbọn omi sí. Òmíràn á ní àìsùn ló ń fà á. Àìsùn kẹ̀? Ṣé àwọn ọdẹ tí kì í sùn kò sanra ni? Kí ló sì dé tó fi jẹ́ àyà? Kí ló dé tí àwọn àgbà ò sọ pé kò lẹ́ran lápá, tàbí pé kò lẹ́ran nítan? Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ kí ẹ gbẹ́nu dákẹ́, torí n kì í fẹ́ kí wọ́n máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ejò ló bí òwe náà. Ejò kan báyìí tí irú rẹ̀ ò sí mọ́, tí kò sì ní í sí mọ́ láé.

Ní ayé àtijọ́, kí ọyẹ́ tó mọ ọ̀nà ilé ayé, ooru ló ń jọba láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Nínú ooru yẹn ni àwọn ejò kan ń gbé nínú àbàtà ńlá kan, wọ́n sì tóbi ju ohunkóhun tí ojú wa lè rí lónìí lọ. Òjòlá tí ẹ̀ ń bẹ̀rù yẹn, ọmọ àná ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń dábùú ọ̀nà kọjá, ẹni tó bá pàdé orí rẹ̀ lè jókòó, kó jẹun, kó fọwọ́, kó tún sinmi, kí ìrù tó dé. Odidi ẹfọ̀n ni wọ́n ń gbé mì. Ọ̀nì tí gbogbo ẹranko ń sá fún létí omi, ìpápánu ni lójú wọn.

Ooru ló tọ́ wọn dàgbà bẹ́ẹ̀. Ejò kò ní iná nínú ara bí èmi àtẹ̀yin, oòrùn ló ń bá a dáná. Bó bá jẹun tán tí kò rí oòrùn yá, oúnjẹ náà á jẹrà sí i níkùn, ohun tó jẹ ni yóò sì pa á. Nígbà tó yá, ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ó wá lọ́dún kan, wọ́n rò pé àlejò ni. Ó tún wá lọ́dún kejì, ó di onílé. Láti ìgbà náà ni àwọn ejò ńlá yìí ti ń kú, títí ó fi ku akọ kan àti abo kan. Àwọn èèyàn ń pe akọ ní Bàbá Gbọọrọ, wọ́n ń pe abo ní Ìyá Gbọọrọ.

Ìlú kékeré kan wà lẹ́bàá àbàtà náà, Etí-Àbàtà lorúkọ rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kì í bá àwọn ejò wọ̀nyí jà, wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó yẹ kó máa hú iṣu wọn, ejò ti gbé e mì. Ọ̀nì tó yẹ kó máa fa ọmọ wọn wọ odò, òun náà ti wọlé ikùn. Ibi tí ara ejò bá sì ti wọ́ kọjá nínú ẹrẹ̀, omi á tẹ̀lé e, á di ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà. Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ pẹja, ejò ló fi àyà là á.

Àpáta pẹrẹsẹ kan wà láàárín ìlú àti àbàtà. Ó ga, ibẹ̀ nìkan sì ni oòrùn ti ń tàn láàárọ̀ ọyẹ́ nígbà tí ìkùukùu bá bo gbogbo ibi yòókù. Ejò fẹ́ràn ibẹ̀ láti yá oòrùn. Àwọn obìnrin náà fẹ́ràn ibẹ̀ láti sá èlùbọ́, láti sá ilá, láti sá ata. Kí ìjà má bàa sí, àwọn baba ńlá wọn ṣòfin. Bí ejò bá ti jẹun, wọ́n á so màrìwò sẹ́nu ọ̀nà àpáta, obìnrin kankan kò sì gbọdọ̀ sá nǹkan síbẹ̀ mọ́ títí ejò yóò fi dìde. Ṣùgbọ́n ohun tí obìnrin bá ti sá sílẹ̀ kí màrìwò tó dé, ọwọ́ ọkùnrin kò gbọdọ̀ kàn án títí yóò fi gbẹ. Ohun tí èèyàn máa fẹnu jẹ ni, ta ló mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣí i kiri? Òfin méjèèjì dára. Kò sẹ́ni tó ronú pé wọ́n lè kọ lu ara wọn lọ́jọ́ kan.

Ìdílé kan ló ń so màrìwò yẹn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àkànjí ló sì wà nídìí iṣẹ́ náà nígbà tí mò ń wí yìí. Òun ló ń gbá àpáta, òun ló ń lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀, òun ló sì ń ki ejò láàárọ̀ kó tó gòkè wá. Àwẹ̀ró nìyàwó rẹ̀. Òun nìkan ṣoṣo ló fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, Àwẹ̀ró kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó lẹ́wà, ó lọ́wọ́ iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń hun kíjìpá bí i tirẹ̀ nílùú náà. Àyà rẹ̀ kún fún ẹran débi pé bó bá so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́rùn, ìlẹ̀kẹ̀ á jókòó pẹ̀sẹ̀ ni. Ohun kan ló ń dùn ún, kò tíì bímọ. Oyún kan ti wálẹ̀ lára rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ náà, Àkànjí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò," ó gbé àdá, ó gba oko lọ. Kì í ṣe pé kò dùn ún. Ọkùnrin náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń fẹnu kẹ́ obìnrin ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó wà nínú rẹ̀, orí àpáta ló ń lọ tú u sí láràárọ̀:

Gbọọrọ bí ọ̀nà oko,
Arẹwà tí í bọ́ aṣọ àná fún ìgbẹ́,
Abara-dídán bí ẹni fepo para,
Jí, ìyàwó mi àárọ̀, oòrùn ti yọ.

Àwẹ̀ró á máa gbọ́ ọ nídìí ààrò. Lọ́jọ́ kan, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Bàálé mi, ìyàwó wo lẹ̀ ń jí?"

Àkànjí rẹ́rìn-ín. "Ejò kẹ̀. Oríkì tí baba mi ń kì í náà ni."

"Èmi ńkọ́? Ẹ ò jí èmi."

"Ṣé kì í ṣe pé o ti jí ni?"

Ẹ wo ọkùnrin! Ọ̀rọ̀ ńlá ni obìnrin náà gbé wá, ó fi ọ̀rọ̀ kékeré dá a lóhùn, ó sì jókòó jẹ ẹ̀kọ rẹ̀. Àwẹ̀ró gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Kò dà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, àfi bí ọyẹ́ ọdún kan ṣe pa Bàbá Gbọọrọ. Ó ku ìyá nìkan. Gbogbo ìlú gbà pé ìdílé náà ti parí nìyẹn, pé ọjọ́ tí ìyá bá kú, ó tán. Òjò rọ̀, òjò dá, òjò tún rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró wà nídìí òfì, Àkànjí bá sáré wọlé, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

"Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró o! Wá gbóhùn ayọ̀!"

"Kí ló dé?"

"Ó lóyún!"

Ọwọ́ Àwẹ̀ró dúró lórí òwú. "Ta ló lóyún?"

"Ìyá Gbọọrọ! Mo fojú ara mi rí ikùn rẹ̀. Ọmọ ni irú ejò yìí ń bí, kì í yé ẹyin, mo sì rí wọn tí wọ́n ń sún nínú rẹ̀. Akọ ti fún un lóyún kó tó kú. Irú wọn ò ní í parun mọ́. Àwẹ̀ró, Ọlọ́run ti dá wa lóhùn!"

Ọlọ́run ti dá wa lóhùn. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, sí obìnrin tó ti ń fi ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ tọrọ ọmọ. Ó tún gbá a mọ́ra, ó ń fò sókè. Kò gbá a mọ́ra bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Owú gún Àwẹ̀ró lọ́kàn bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹ̀gún mọ́lẹ̀. Ó jowú ikùn ejò, ó jowú ayọ̀ ọkọ rẹ̀, ó jowú gbígbá tó gbá òun mọ́ra pàápàá, torí ó mọ ẹni tó ni ín.

"Ẹ kú oríire," ló wí.

Nígbà tó dé odò lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin ti gbọ́. Ẹ̀fẹ̀ ò wọ́n lẹ́nu àwọn ará Etí-Àbàtà. "Àwẹ̀ró," ọ̀kan wí, "wọ́n ní orogún ẹ lóyún. Ṣé ìwọ lo máa bá a gbẹ̀bí?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín. Eré ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣeré ló gbé relé. Orogún. Ó ti ń wá orúkọ tó máa sọ ejò náà, wọ́n ti bá a rí i.

Ọyẹ́ ọdún náà dé tìbínú tìbínú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan Àkànjí ti àbàtà dé, ó ní Ìyá Gbọọrọ ti gbé àgbọ̀nrín ńlá kan mì, pé kí òun sáré jẹun kí òun tó lọ so màrìwò. Oúnjẹ yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Bó ti ń jẹun lọ́wọ́, Àwẹ̀ró gbé agbọ̀n ata, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ata wẹ́wẹ́ ni, èyí tó ń mú èèyàn sín láti òkèèrè. Kò tilẹ̀ sá a lódindi, ó ti gún un díẹ̀ kí omi rẹ̀ lè jáde. Ó tẹ́ ẹ kárí ojú àpáta níbi tí oòrùn ti ń mú jù. Nígbà tí Àkànjí fi gbé màrìwò dé, gbogbo ojú àpáta ti pupa.

"Àwẹ̀ró, kí lèyí?"

"Ata ni."

"Mo rí i pé ata ni. Ejò ti jẹun. Ojú ẹ ni mo ṣe sọ ọ́."

"Mo gbọ́. Ṣé ẹ ti so màrìwò ni?"

Àkànjí wo màrìwò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. 

"Bó bá gbẹ, mo máa kó o," Àwẹ̀ró wí. "Àbí torí ejò kí n má se ọbẹ̀ mọ́?"

Ìyá Gbọọrọ gòkè wá bó ṣe máa ń ṣe. Ó rọra gbé orí lé àpáta, ó fa àyà tẹ̀lé e. Àyà kan ata. Gbogbo ara ńlá náà gbọ̀n, ó yí pa dà, ó wọ́ lọ sínú omi tútù tó ti wá. Ẹ ó ní inú Àwẹ̀ró bàjẹ́? Ẹ má tan ara yín. Inú rẹ̀ dùn dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

Wọn kì í so màrìwò nígbà tí ohun sísá bá ṣì wà lójú àpáta, nítorí náà kí ata yẹn tó gbẹ, ó ti bu tútù lé e. Bí ìyẹn tún ti fẹ́ gbẹ, ó bu òmíràn lé e. Àkànjí bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun á bá a kọ́ àgbàlá sísá fún ara rẹ̀, ó ní òun á máa bá a gbé ata lọ sí oko tí oòrùn wà. Àwẹ̀ró ní orí àpáta ni ata ti ń gbẹ dáadáa. Ó ní, "Ẹ lọ bẹ ìyàwó yín àárọ̀ kó ní sùúrù." Àkànjí wá gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀.

Baálẹ̀ gbọ́, ó mi orí. Òun náà mọ̀ pé ejò náà ò gbọdọ̀ kú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ á kó ata yìí kúrò." Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Ìyálóde ti dìde.

"Kábíyèsí ni yín nínú ilé yín, Baálẹ̀, ẹ má bínú. Bí ọkùnrin bá kó ata Àwẹ̀ró lónìí, èlùbọ́ ta ni yóò kó lọ́la? Kí màrìwò tó débẹ̀ ló ti sá a. Ó jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi?"

"Kò jẹ̀bi," Baálẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Gbogbo obìnrin kó ti Àwẹ̀ró lẹ́yìn, wọ́n sì rò pé ẹ̀tọ́ àwọn ló ń jà fún. Kò sọ fún wọn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àkànjí nìkan lọ̀rọ̀ náà ń rú lójú. Arúgbó tútù ni, ó fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀ dọ́ba. Ó ní, "Àwẹ̀ró, o ń rù. Kí ló ń jẹ ọ́?"

"Kò sí nǹkan kan, Ìyá. Mò ń jẹun."

Ó sì ń jẹun lóòótọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fì.

Àkànjí ní kò sí ohun tí òun ò ní í ṣe. Ó dáná sétí omi kí ejò lè yá a, ejò rí iná, ó sá. Ó ń gbé omi gbígbóná lọ dà sí i lára, ìkòkò kan lára odindi òkè! Ẹ̀fúùfù ọyẹ́ ti gbá ooru rẹ̀ lọ kó tó gbé òmíràn dé. Kò wálé jẹun mọ́. Gbogbo bó ṣe ń sáré yẹn, ojú Àwẹ̀ró ń bá a lọ, ó sì ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ẹni tí kò pọn omi gbígbóná kan fún mi nígbà tí oyún mi wálẹ̀!"

Síbẹ̀, ẹni tó bá ní Àwẹ̀ró ò láàánú purọ́ mọ́ ọn. Lọ́sàn-án kan ó lọ pọn omi, ó rí ejò náà lóun nìkan nínú ẹrẹ̀, ojú rẹ̀ ti ṣú, ẹnu rẹ̀ ti ń rùn. Ibi tí ikùn rẹ̀ ti yọ, Àwẹ̀ró rí i tí nǹkan rọra ta lábẹ́ awọ. Ó tún ta. Ọmọ ni. Àwẹ̀ró fọwọ́ lé ikùn tirẹ̀ láìmọ̀. Ó ní, "Yéè, Àwẹ̀ró, kí lò ń ṣe yìí?" Ó sọ ìkòkò sílẹ̀, ó sáré lọ sílé, ó gbé agbọ̀n, ó ní òun ń lọ kó ata òun báyìí, kí oòrùn ọ̀la má bàa bá a níbẹ̀.

Etí omi ni ọ̀nà àpáta gbà kọjá. Nígbà tó fi máa dé ibẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n, Àkànjí ti dé sídìí ejò. Ó ti fi aṣọ bo orí rẹ̀. Kíjìpá ni. Kíjìpá tí Àwẹ̀ró fọwọ́ ara rẹ̀ hun fún un nígbà ìgbéyàwó, tó fi odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan hun, tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun ran òwú rẹ̀. Aṣọ ò lè mú ejò gbóná, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí nǹkan ti tojú sú kì í ronú. Ó dojúbolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ejò náà, ó ń kì í, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀.

Àwẹ̀ró dúró. Kò rí omijé ọkùnrin yìí rí. Kò rí i lọ́jọ́ tí oyún wálẹ̀. Ó wo aṣọ, ó wo omijé, ó wo ejò.  Ó gbé agbọ̀n òfìfo rẹ̀ yí pa dà, ó lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Gbọọrọ fi gbogbo agbára tó kù nínú rẹ̀ gun àpáta náà lọ. Kò yí pa dà lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi àyà wọ́ gba orí ata kọjá, awọ àyà rẹ̀ ń bó, ó ń lọ, títí ó fi dé àárín ibi tó máa ń sùn sí. Ìkùukùu bo oòrùn lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi máa ká, ejò ti kú. Àgbọ̀nrín tó wà níkùn rẹ̀ ti jẹrà, ó wú, ikùn bẹ́, àwọn ọmọ sì dà jáde sórí ata. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nípọn tó ọwọ́ ọkùnrin. Àkànjí ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lẹ́nu, ó ń gbọ̀n wọ́n, ó ń tẹ́ wọn sílẹ̀. Kò sí èyí tó mira. Gbogbo ìlú dúró, kò sẹ́ni tó lè sún mọ́ ọn. Nígbà tó tẹ́ èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀ tán, ó dìde, ó rí ìyàwó rẹ̀ láàárín èrò.

"Àwẹ̀ró," ó wí, jẹ́jẹ́, "ata ẹ ti gbẹ. Wá kó o."

Ọ̀rọ̀ tó sọ lórí ẹjọ́ náà nìyẹn, kò tún sọ òmíràn mọ́ láyé rẹ̀.

Ẹlẹ́dẹ̀ igbó wọ oko Etí-Àbàtà ní ọdún náà, ó hú ebè kalẹ̀. Ojú ọ̀nà omi dí fún koríko. Àwọn obìnrin tó kó ti Àwẹ̀ró lẹ́yìn kò rí ibi sá èlùbọ́ mọ́, torí egungun ló gba orí àpáta. Igún àti eèrà jẹ gbogbo ẹran rẹ̀, ó ku egungun ìhà tó tò lọ rẹrẹ bí igi àjà ilé tí iná ti jó. Kò sẹ́ni tó bá Àwẹ̀ró wí. Kò jẹ̀bi, Baálẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí òwe wà. Inú Àwẹ̀ró kọ́kọ́ bàjẹ́, ó sunkún nítorí àwọn ọmọ ejò yẹn, ẹkún òtítọ́. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, orogún kò sí mọ́, ó ku èmi àti ọkọ mi. Ó dirí. Ó hun kíjìpá tuntun. Ó se ọbẹ̀ tí ẹja kún inú rẹ̀. Àkànjí jẹ ẹ́, ó ní, "O ṣeun." Ó dìde, ó gbé ìgbálẹ̀, ó gba orí àpáta lọ. Ó ń gbá ìdọ̀tí kúrò láàárín egungun. Ó ń kì í. Jí, ìyàwó mi àárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láràárọ̀, Àwẹ̀ró á sì wà nídìí ààrò, á máa gbọ́ ọ.

Nígbà tí ejò wà láàyè, ó ń ṣu, ó ń rùn, ó ń dẹ́rù bani. Èyí tó kú yìí kò ní àléébù kankan mọ́. Kò ṣeé fi ata lé. Kò ṣeé fi oòrùn dù.

Lọ́jọ́ kan Ìyá Àkànjí bá a níbi tó ti ń wẹ̀. Ó wò ó títí, ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀. Awọ àti egungun ni ọwọ́ arúgbó náà bá, egungun ìhà rẹ̀ tò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àwẹ̀ró ọmọ mi, mò ń gbé oúnjẹ fún ẹ, o ń jẹ ẹ́. Ẹran ń lọ sí apá, ó ń lọ sí ẹsẹ̀. Ti àyà dà?"

Àwẹ̀ró sunkún.

"Ejò ló ń bí ẹ nínú, èmi mọ̀, mi ò wí. Ejò ti kú. Kò bímọ, kò ku ẹnìkan nínú ìdílé rẹ̀. Ta lo tún wá ń jowú?"

"Egungun rẹ̀ ni, Ìyá."

Arúgbó náà fi aṣọ bò ó, ó sì jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó jáde, àwọn obìnrin ilé bi í bóyá kí àwọn wá ẹran ìgbẹ́ tó lọ́ràá fún Àwẹ̀ró, kó lè pa dà sanra. Ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Ó ní àyà ni owú ń gbé, ibi tó ń gbé náà ló ti ń jẹun, ẹran tí wọ́n bá sì gbé síbẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ dé ìdí àwo. Ó pa odidi ìdílé ejò run, kò yó. Egungun ló tún kọjú sí.

Ẹni tó bá tún bi yín pé kí ló dé tó fi jẹ́ àyà, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó wí. Òjòwú ò lẹ́ran láyà.